Ògiri Tí Ìyá Mufú Rẹ́

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí kò bá wa ṣeré rárá. Ìjì ló kọ́kọ́ rán síwájú, ó ń ṣí páànù orí ilé bí ẹni ń ṣí ìdérí ìkòkò, ó wó igi máńgòrò àdúgbò wa lulẹ̀ tòun ti èso wẹ́wẹ́ orí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni omi wá dà. Nígbà tó dá, mo ṣí fèrèsé mi ní Òkè-Sópẹ́n n'Ìjẹ̀bú-Igbó, òórùn ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mumi sì wọlé tọ̀ mí wá. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sórí sìmẹ́ǹtì, mi ò mọ̀ bóyá ẹ mọ òórùn tí mò ń wí. Aboyún a máa torí rẹ̀ ha ògiri jẹ. Ní tèmi, kì í mú mi rántí oúnjẹ. Kíláàsì kan ló máa ń mú mi rántí, àti ọmọkùnrin kan tí a jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n wá sọ fún mi pé ìjì náà ti ká òrùlé ilé àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé tí mo lọ ní kékeré. Ilé alámọ̀ ni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé onísìmẹ́ǹtì síwájú rẹ̀, tí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ewúrẹ́ àti àga tó ti dá lẹ́sẹ̀. Mo mú ọ̀pá mi, mo lọ wò ó. Òjò ti gbá ògiri ẹ̀yìn lójú, amọ̀ kan tó fẹ̀ tó àtẹ ti já bọ́ lára rẹ̀. Níbi tó ti já, mo rí nǹkan dúdú lábẹ́, tó ń dán díẹ̀, àti ìlà funfun kan tó gba orí rẹ̀ kọjá. Mo fi ọ̀pá tilẹ̀, mo dúró. Mo mọ ẹni tó kun dúdú yẹn. Mo mọ ìyá tó bù ú wá, mo sì mọ̀ pé ìyá náà ṣì wà láyé ní Ìwópin, àti pé kò tíì mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mísì Ọdúnúgà ni tíṣà wa. Ọmọ àlùfáà Áńgílíkà ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bàtà rẹ̀ kì í sì mọ́ rí. Àwọn tíṣà yòókù a mú pàṣán wọ kíláàsì, òun a gbé agolo wá. Agolo mílíìkì, agolo tòmátò, yẹ̀pẹ̀ ló wà nínú gbogbo wọn. Àwọn òbí wa sọ ọ́ ní Ìyá Oníyẹ̀pẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò tíì bímọ, kò tilẹ̀ tíì lọ́kọ. Bàbá mi sọ ọ́ nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ kan pé nítorí kí ọmọ òun lè bọ́ lọ́wọ́ yẹ̀pẹ̀ ni òun ṣe rán an lọ sílé-ìwé, àfi bí wọ́n ṣe tún ń bu yẹ̀pẹ̀ fún un níbẹ̀. Ìyá mi ní kó jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Ọ̀nà tí Mísì ń gbà kọ́ni kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Ó kó wa lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà Òkè-Àgbò, níbi tí kátakátá ti gé ẹ̀gbẹ́ òkè nígbà tí wọ́n ń la títì. Ilẹ̀ dúdú tó ní gbòǹgbò wà lókè, pupa tẹ̀ lé e, òkúta wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ pupa, nísàlẹ̀ pátápátá ni àpáta kan wà tó ti rọ̀ débi pé èékánná lè họ ọ́. Ó bi wá pé, nínú gbogbo wọn, èwo ló kọ́kọ́ dé? Gbogbo wa nawọ́ sí ti òkè, torí òun la fojú rí jù. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní èyí tó wà nísàlẹ̀ ló dàgbà jù, pé ilẹ̀ kì í sọ nǹkan nù, bíbò ló ń bò ó. A bu díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wálé. A gún un, a fi gèlè gbígbó jọ̀ ọ́, a pò ó mọ́ sítáàṣì pákí tí àwọn ìyá wa fi ń mú kí aṣọ le. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì, orín la rún lẹ́nu títí orí rẹ̀ fi di fọ́nrán, òun la fi kun àwọ̀ sára ògiri.

Lẹ́yìn kíkùn ni kíkọ. Abẹ́ ilẹ̀ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá kùn ni yóò kọ ọ̀rọ̀ sí nípa rẹ̀, ní Yorùbá, kì í ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì. Òfin kan ni Mísì ṣe, ó sì le lórí rẹ̀: kí a má kọ ohun tí ọwọ́ wa kò tíì kàn. Èmi tiẹ̀ kọjá ọwọ́. Mo tọ́ gbogbo yẹ̀pẹ̀ inú agolo wò, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ tèmi pé pupa ló dùn jù. Inú rírun ọjọ́ yẹn, ìyá mi pẹ̀lú ewé ló mọ̀ ọ́n.

Mufú, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Múfútàù, ni a jọ ń jókòó. Ọmọ Ìwópin ni, létí omi lọ́hùn-ún, ìlú tí wọ́n padà wá kọ́ ilé-iṣẹ́ bébà sí. Nígbà tiwa kò tíì sí bébà níbẹ̀, kò sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa náà. Bàbá rẹ̀ jẹ́ apẹja, ìyá rẹ̀ a máa yan ẹja. Nítorí kó lè kàwé ni wọ́n ṣe mú un wá sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Òkè-Àgbò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dún bíi tiwa, òórùn ẹja a sì máa wà lára aṣọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kí i. Àwọn ọmọ ń pè é ní Ará Ẹrẹ̀. Kì í bá wọn jà. Ṣe ló dákẹ́ títí dídákẹ́ fi mọ́ ọn lára, àfi èmi nìkan tó ń bá sọ̀rọ̀, bóyá torí pé èmi ni mò ń sọ èyí tó pọ̀ jù.

Nígbà tó yá, Mísì ní kí a fi yẹ̀pẹ̀ ya gbogbo ilẹ̀ wa sára ògiri ẹ̀yìn kíláàsì, láti Àgọ́-Ìwòyè lókè, gba Ìjẹ̀bú-Igbó kọjá, títí dé etí omi nísàlẹ̀. Kí oníkálukú mú ilẹ̀ ibi tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti wá bọ̀. Ọmọbìnrin kan gbé òkúta Àgọ́-Ìwòyè wá, èyí tó ń rún lọ́wọ́ bíi gúgúrú. Pupa kò wọ́n wa. Àwọn ọmọ Òkè-Sópẹ́n wa amọ̀ funfun létí odò. Ìsàlẹ̀ ògiri nìkan ló ṣófo, kò sì sí ẹni tó lè kún un bí kò ṣe Mufú. Ó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ìyá náà wọ ọkọ̀ ojú omi, ó wọ lọ́rì, ó gbé ẹrẹ̀ dúdú tí ó fi ewé wé sínú agbọ̀n ẹja, ó sì gbé e fún ọmọ rẹ̀ láìbéèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Nígbà tí Mufú tú u ní kíláàsì, a di imú. Mísì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bu ẹrẹ̀ náà sínú ìgò, ó rọ omi sí i, ó mì ín, ó gbé e kalẹ̀ lójú fèrèsé. Nígbà tó tòrò, a rí iyanrìn kéékèèké nísàlẹ̀, àwọn kan nínú rẹ̀ ń tàn yinrinyinrin. Ó wá fọ́ òkúta Àgọ́-Ìwòyè, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun náà. Yinrinyinrin kan náà ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Àpáta òkè wa ló bí ẹrẹ̀ yìí. Òjò ló fọ́ ọ, odò ló gbé e, ó rìn títí ó fi dé ilé Mufú. Ẹni tí ẹ ń pè ní ará ẹrẹ̀, ẹbí yín tó rìn jìnnà jù ni." Láti ọjọ́ yẹn ni orúkọ ìnágijẹ náà ti kú, tí mi ò tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

Mufú kun ìsàlẹ̀ ògiri, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ó wá fi ẹfun kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí dúdú náà, lẹ́tà gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ, ahọ́n rẹ̀ wà níta bí ó ti ń kọ ọ́: "Ilẹ̀ wa dúdú nítorí omi ń sùn lórí rẹ̀. Ìyá mi ló bù ú wá." Mísì kà á sókè fún wa, ó sì bọ́ síta lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó padà wọlé, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Àṣà kan wà ní ilé-ìwé wa nígbà náà. Kí táàmù tó parí, àwọn ìyá a máa wá rẹ́ ògiri lọ́jọ́ Sátidé. Wọn a po yẹ̀pẹ̀ pupa mọ́ ìgbẹ́ màlúù, wọn a fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ẹ títí yóò fi jọ̀lọ̀. Obìnrin tí ògiri rẹ̀ bá ní àbàwọ́n, ọ̀lẹ ni wọ́n máa ń kà á sí. Mísì ti lọ kí bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì sí lọ́kàn rẹ̀ láti sọ pé kí wọ́n fi ògiri ẹ̀yìn sílẹ̀. Àwa ọmọ wà lápá kejì pápá, a ń ṣán koríko. Àwọn ìyá wọlé, wọ́n rí pupa, wọ́n rí funfun, wọ́n rí dúdú, wọ́n sì rò pé àwọn ọmọ aláìgbọ́ràn ló fi yẹ̀pẹ̀ ba ògiri jẹ́. Wọ́n bá po yẹ̀pẹ̀, wọ́n fi tún ògiri ṣe. Ìyá Mufú wà láàárín wọn. Ó kó ẹja wá sọ́jà ni, ó ní òun kò lè gbọ́ pé wọ́n ń rẹ́ ilé-ìwé ọmọ òun kí òun káwọ́ gbera. Nítorí pé ọ̀nà jíjìn ló ti wá, wọ́n fi ọ̀wọ̀ wọ̀ ọ́, wọ́n fún un ní ògiri kíláàsì ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Mufú bá mi lọ́nà, ó ń yangàn, ohun tí kò bá a mu rárá. "Iye mi ni wọ́n fún ní ògiri kíláàsì wa o!" Iye là ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. A jọ wọlé. Ògiri náà jọ̀lọ̀, pupa ni látòkè délẹ̀. Àwọn kan nínú wa bú sẹ́kún. Mísì dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agolo lọ́wọ́. Mufú nìkan ni kò sunkún. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ sídìí ògiri, níbi tí amọ̀ kò tíì gbẹ tán, tí ojú àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀ ṣì hàn, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Iye mi. Kò mọ̀wé ni. Tí mo bá kọ́ ọ ní ìwé tán, èmi fúnra mi á sọ fún un."

Mísì ní kí gbogbo wa ṣèlérí, a sì ṣèlérí. Ó wá sọ fún wa pé kí a rántí ẹ̀gbẹ́ òkè tí a lọ wò, pé ohun tí a kùn kò lọ síbì kankan, ìsàlẹ̀ ló kàn bọ́ sí. Mo rò nígbà náà pé ó kàn fẹ́ rẹ̀ wá lẹ́kún ni.

Ọlidé dé, Mufú lọ sílé, kò sì padà. Ibà ni wọ́n ní ó ṣe é, kò gbé e sánlẹ̀ pẹ́. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ tó kú gan-an, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn Mùsùlùmí wọn, sínú ilẹ̀ dúdú tó kọ̀wé nípa rẹ̀. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, Mísì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí àyè rẹ̀ títí ọdún fi yí. Wọn kò ya fọ́tò rẹ̀ rí. Nílẹ̀ wa, a kì í dárúkọ ọmọ tó kú níṣojú ìyá rẹ̀, nítorí náà ìlérí tí a ṣe kò nira láti pa mọ́. Mísì ti kú báyìí. Èmi náà di tíṣà, mo gbé agolo kiri títí mo fi fẹ̀yìn tì, àwọn òbí sì bú mi bí wọ́n ti bú u. Láti ọjọ́ yẹn wá, kò sí ọjọ́ kan tí mo bu yẹ̀pẹ̀ tí n kò rántí ọmọ náà.

Ìdí nìyí tí mo fi dúró níwájú ògiri náà. Ìlérí tí mo ṣe fún Mufú dè mí. Ṣùgbọ́n òrùlé ti lọ, òjò mìíràn ń bọ̀, bí omi bá sì fọ̀ ọ́ tán, kò sí ohun tó kù mọ́ láyé tí ọwọ́ ọmọ náà ṣe. Mo fi tapólì bo ògiri náà, mo sì lọ sílé. Ohun tí mo padà sọ fún ara mi ni pé Mufú kò ní kí a má sọ ọ́ láéláé. Ó ní òun ni yóò sọ ọ́. Kò rí i sọ, èmi tí a jọ jókòó ló kù.

Sìdí, àbúrò Mufú tí wọ́n bí lẹ́yìn tó kú, ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà Òkè-Àgbò. Mo lọ bá a nídìí àtẹ rẹ̀, mo ní kó bá mi bẹ ìyá rẹ̀ wá, pé nǹkan Mufú kan wà lọ́wọ́ mi. Ó wò mí lójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹja rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó dé, mo ti ń wọ́n omi sí ògiri náà, tí mo ń fi ẹ̀yìn ṣíbí ká amọ̀ òkè kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó ń ṣí wẹ́rẹ́, torí sítáàṣì ìgbà náà kò jẹ́ kó lẹ̀ dan-in. Mi ò ṣí ju ibi tí ọ̀rọ̀ Mufú wà lọ.

Wọ́n gbé Iye, ìyá Mufú, dé lọ́sàn-án. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, hìjáábù funfun ló wà lórí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo gbé àga fún un.

"Mé jókòó," ó ní. Kò fẹ́ jókòó. "Níbo ló wà?"

Mo mú un dé ìdí ògiri. Ó gbé ojú tó ń ríran sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. "Kí ni ọmọ mi kọ?"

Mo kà á fún un. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà.

"Èmi ni mo bù ú," ó ní. "Lẹ́yìn ilé wa, níbi tí a ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́. Ó ránṣẹ́ pé kí n má bu ti ojú, kí n ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀."

Mo wá sọ ìyókù fún un, láìfi nǹkan pamọ́: ọjọ́ Sátidé náà, ẹni tó rẹ́ ògiri, ohun tí Mufú bẹ̀ wá, ìwé tó ní òun máa kọ́ ọ. Sìdí bú sẹ́kún. Iye kò sunkún. Ó na ọwọ́ sí amọ̀ tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó fi ìka tọ ojú àtẹ́lẹwọ́ tó ti wà níbẹ̀ láti àtijọ́. "Mo rántí dúdú yẹn," ó ní. "Mo sọ lọ́kàn mi pé ó jọ ẹrẹ̀ ilé wa. Mo sì rẹ́ ẹ." Ó yíjú sí mi. "Ṣé àwọn ọmọ yòókù tún kun òmíràn lẹ́yìn náà?"

Mo sọ òótọ́ fún un. A kun àwọn ògiri mìíràn ní táàmù tó tẹ̀ lé e, a sì bẹ àwọn ìyá pé kí wọ́n má rẹ́ wọn. Ẹ̀yìn àwọn ọmọ nu wọ́n, ọ̀rinrin jẹ wọ́n, kò sí ọ̀kan tó kù. "Èyí nìkan ló kù, Iye. Torí pé ẹ rẹ́ ẹ ni."

Ó mi orí. Ó ní kí n fi ibi tí "Ìyá mi" wà han òun. Mo di ìka rẹ̀ mú, a jọ tọ àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a dé òpin, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ sókè, "Ìyá mi," bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. Mo ní kó tún un ṣe, ó sì tún un ṣe láìsí pé mo di ìka rẹ̀ mú.

Sìdí ti ń yà á sínú fóònù. "Màámi, mo ti yà á, ó wà níbí, ẹ ó máa rí i nígbà tó bá wù yín."

"Ó dára," Iye dáhùn. Ó gbójú sókè, ìkùukùu ti ń ṣú láti apá odò. "Ẹ bá mi po amọ̀."

A bu yẹ̀pẹ̀ pupa lẹ́yìn ilé náà, a pò ó. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ògiri. Nígbà tó ku ọ̀rọ̀ náà nìkan, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún wa díẹ̀ sí i. Ó wò mí.

"Lọ́jọ́sí, mé mọ ohun tí mò ń bò," ó ní. "Lónìí mo mọ̀ ọ́n." Ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fi aṣọ bo ọmọ tó sùn.

Nǹkan ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Kò sí ẹni tó ń rẹ́ ògiri mọ́, ọ̀dà inú garawa lẹ fi ń kun ilé-ìwé yín, àwòrán ayé àti òṣùpá tí wọ́n tẹ̀ lókè òkun ló wà lára ògiri rẹ̀. Mi ò bínú sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ẹ̀bá ọ̀nà Òkè-Àgbò, ẹ dúró, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òkè tí wọ́n gé. Dúdú ṣì wà lókè, pupa ṣì tẹ̀ lé e, èyí tó dàgbà jù ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kàn án kí ẹ tó kọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé náà ti gbà kí káfíńtà fi páànù bo orí ògiri yẹn. Òjò dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Iye padà sí Ìwópin, kò sì kéré. Mo ṣí fèrèsé mi, òórùn ilẹ̀ wọlé, mo jókòó tì í títí òjò fi dá, n kò sì dìde lọ wo ògiri náà.